A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Houston, ibo la lè kó àwọn ọmọ kéékèèké lọ gba súìtì Halloween?

ÌyáMéjì
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará wa ní Houston. Láti London la ti kó wá, oṣù kẹjọ la dé, apátìméǹtì la ṣì ń gbé nítòsí Highway 6, mi ò tíì mọ ẹnì kankan níbí, ẹbí kan ṣoṣo tá a ní ní Texas, Dallas ló wà, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ bí Dallas ṣe jìnnà tó. Ọ̀rọ̀ Halloween yìí ni mo bá wá, alẹ́ October 31 tí àwọn ọmọ ń múra bí ẹranko tàbí òkú, tí wọ́n ń ti ilé dé ilé gba súìtì. Àgbà mi jẹ́ ọmọ ọdún 5, àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 3, àtìgbà tí September ti ń parí lọ ni èyí àgbà ò ti jẹ́ kí n sinmi, gbogbo ọmọ kíláàsì àwọn ló ń lọ, kìnnìún lòun máa dà, mọ́mì ṣé ẹ gbọ́, kìnnìún o.

Nígbà tá a wà ní Thamesmead, òkè kẹrin là ń gbé, kò sọ́mọ tó wá kan ilẹ̀kùn wa rí, èmi náà ò sì kan tẹnì kankan. Lánàá mo jáde wo kọ́rídọ̀ wa níbí, ilẹ̀kùn 12 ni mo kà, ẹyọ kan péré ló gbé elégédé síta, oníke sì ni. Ṣé kí n kó wọn lọ sí ẹ́síteèti àwọn ẹlòmíì ni? Ṣé wọn ò ní bi mí pé ta ló pè ẹ́ wá? Ibo ló dáa fún ọmọ tí ò lè rìn jìnnà, tí ẹ̀rù sì máa ń tètè bà? Aago mélòó ni wọ́n ń jáde? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà, ojú ń tì mí láti bi àwọn ará ibi iṣẹ́ mi.

ỌmọÌbàdàn_Katy
Ẹ káàbọ̀ sí Texas mà, ẹ sì kú ìfaradà ooru. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ta ló pè yín. Iná iwájú ilé lẹ máa wò. Ilé tó bá tan iná ẹnu ọ̀nà ẹ̀, tó to elégédé tàbí egungun oníke síwájú, ẹ lọ kàn án, wọ́n ń retí yín. Èyí tó bá paná, ẹ kọjá, kódà kẹ́ ẹ máa gbóhùn tẹlifíṣọ̀n nínú ẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan, àmọ́ gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe jẹ́ Highway 6 lẹ wà yẹn, ẹ ò nílò láti wọ àárín Houston lọ rárá. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni àwọn ẹ́síteèti ńláńlá wà, Cinco Ranch ní Katy, First Colony àti Telfair ní Sugar Land, Sienna ní Missouri City, ilé wọn sún mọ́ra, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà wà létí títì, àwọn tó lọ́mọ kéékèèké ló sì kún bẹ̀. Ohun témi ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ rèé: lọ́jọ́ bíi mẹ́rin ṣáájú, nígbà tílẹ̀ ń ṣú lọ, mo wa mọ́tò wọnú ẹ́síteèti kan jẹ́jẹ́, mò ń ka ilé tó ti ṣe ọ̀ṣọ́. Àdúgbò tí mo ti rí ilé tó tó ìdajì tó ti gbé nǹkan síta ni mo mú. Inú ẹ̀ ni mo tún ti wá òpópó tí ò yọ síbì kankan, àwọn tí ilé bíi mẹ́jọ á yí ká bí agbo ijó, torí mọ́tò kì í gbabẹ̀ sáré, ọmọ ọdún 3 á sì kan ilẹ̀kùn mẹ́jọ láìrìn ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ká ní ilé márùn-ún ló lè lọ, ó ti tó ẹ̀, ọmọ kékeré ni, gbogbo ayé ni ilé márùn-ún jẹ́ lójú ẹ̀.

Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ lọ sí Heights, àdúgbò kan nínú Houston. Ilé àtijọ́ ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́, mo ti lọ, mi ò sì ní mú ọmọ ọdún 3 lọ, ó jìnnà sí yín, èrò ibẹ̀ á tún pọ̀ jù fún un. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn àdúgbò àtijọ́ tó jẹ́ pé gọ́tà tí wọn ò bò ló wà létí títì, tí ò síbi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, ẹ ò lè ti kẹ̀kẹ́ ọmọ níbẹ̀ lálẹ́. Èyí tó ní géètì náà, àfi kẹ́ ẹ ti lẹ́ni tó máa fún yín ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, ẹ má gbọ́kọ̀ dí ẹnu gáréèjì ẹnikẹ́ni, ohun tó ń bí wọn nínú gan-an nìyẹn, kì í ṣe pé ẹ wá.

Ní ti àkókò, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ lásìkò yẹn, torí a ò tíì yí aago padà, Sunday àkọ́kọ́ ní November là ń yí i. Aago mẹ́fà ni kí àwọn kéékèèké ti wà ní títì, kí wọ́n ti parí kó tó di aago méje àbọ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ àwọn ọ̀dọ́ ló ń gba títì, ìbòjú tiwọn kì í ṣe ojú kìnnìún.

BàbáÀgbà_Alief
Ẹ má bínú sí mi o, àgbàlagbà ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí eégún bá jáde, a máa ń sá wọ abẹ́ ibùsùn ni. Níbí ẹ̀ ń fi ọmọ ṣe òkú, ẹ wá ń fún un ní súìtì lé e lórí. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ, àmọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní tiwọn, wọ́n á sọ ọ́ ní Hallelujah Night, ọmọ á wọṣọ Dáfídì tàbí Ẹ́sítérì, súìtì wà, eré wà, kò sí pósí, kò sí egungun. Ẹ wo ìyẹn náà.

Àbíkẹ́_Lẹ́kúlẹ́jà
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà, mo gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n sà, ṣebí àwa náà ṣe é! Lọ́jọ́ Kérésì ní Ṣùúrùlérè, aṣọ tuntun, dígí ojú oníke, bàtà tó ń bó wa lẹ́sẹ̀, a ó to bí ọmọ ogun, ilé dé ilé, "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún", ilé Alhaji la kọ́kọ́ máa ń lọ torí náírà tuntun tí ò tíì ká ni wọ́n ń pín, ilé ìyá oníṣọ̀ọ́bù la máa ń fi kágbá torí bísíkíìtì lásán ni tiwọn. Tó bá di Iléyá, àwọn ọmọ Alhaji náà á wá gba tiwa. Ìbòjú nìkan ni ò sí, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń ṣe Fàǹtí, ijó ìgboro tí wọ́n ń bojú jó, gan-an sì ní tìyẹn. Èmi ò rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n kàn ń fi tiwọn dẹ́rù bani ni.

ÌyáMéjì, bí bàbá ṣe sọ, ẹ gbìyànjú ti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, trunk-or-treat ni púpọ̀ nínú wọn ń pè é. Wọ́n á to mọ́tò sí pákì, gbogbo búùtì á wà ní ṣíṣí, kálukú á ti ṣe inú búùtì ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ á máa ti búùtì dé búùtì. Kò sí mọ́tò tó ń kọjá, ilẹ̀ tẹ́jú, nígbà míì ilẹ̀ ò tíì ṣú gan-an. Wọn kì í bèèrè pé ṣé ọmọ ìjọ ni yín. Wàhálà ibẹ̀ ni ìlà, lọ́dún kan a tò fún ogójì ìṣẹ́jú ká tó dé búùtì àkọ́kọ́, ọmọ mi ti sùn. Torí náà ẹ tètè lọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í dúró de 31 gan-an, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni wọ́n ń ṣe é, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ fún ọmọ ọdún 3: kó kọ́kọ́ fi búùtì kọ́ṣẹ́, kó mọ̀ pé téèyàn bá na báàgì, nǹkan á bọ́ sínú ẹ̀. Lọ́jọ́ 31 kò ní jẹ́ àjèjì sí i mọ́.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Èmi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì lálẹ́ Halloween lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí. Kì í ṣe májèlé. Ọmọ tó fẹsẹ̀ kọ́ aṣọ gígùn ni, ọmọ tí ìbòjú dí lójú tó já lórí àtẹ̀gùn ni, àti mọ́tò. Ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA Pediatrics, ìwé ìwádìí àwọn dókítà ọmọdé, wo alẹ́ Halloween 42, ó rí i pé ewu kí mọ́tò pa ẹlẹ́sẹ̀ fi 43 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti alẹ́ míì lásìkò kan náà lọ, ti ọmọdé ló sì burú jù. Torí náà ẹ gé etí aṣọ kìnnìún yẹn kó má kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ẹ kun ojú ẹ̀ dípò kẹ́ ẹ fi nǹkan bò ó, kẹ́ ẹ ra àwọn ọ̀pá tó ń tànmọ́lẹ̀ yẹn ní Dollar Tree kẹ́ ẹ so ó mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan títì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ parí kẹ́ ẹ tó sọdá sí ìkejì, ẹ má máa sọdá síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń ṣọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́.

Ti májèlé yẹn, ẹ máa gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, torí ìtòsí ibí ló ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1974, ọmọ ọdún 8 kan kú lálẹ́ Halloween lẹ́yìn tó lá súìtì tí sáyánáìdì wà nínú ẹ̀, Pasadena tó wà lápá ìlà oòrùn wa ni wọ́n ti lọ kan ilẹ̀kùn. Àmọ́ kì í ṣe aládùúgbò kankan ló ṣe é. Bàbá tó bí i ni, torí owó inṣọ́ránsì, ìjọba sì pa bàbá náà nítorí ẹ̀ lọ́dún 1984. Ìtàn yẹn ni wọ́n ń sọ kiri di òní bí ẹni pé àjèjì ló fún ọmọ. Ẹ yẹ súìtì wò o, kí ọ̀rá ẹ̀ má ti ya, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gba oorun lójú yín.

Ọmọ ọdún 3, súìtì líle róbótó àti gọ́ọ̀mù kì í ṣe tiẹ̀, ó lè há a lọ́fun. Bí ara ọ̀kan nínú wọn ò bá gba ẹ̀pà, ẹ wá ilé tó gbé elégédé aláwọ̀ búlúù tó fẹ́ jọ gíríìnì síta, láti 2014 ni wọ́n ti ń fi ṣe àmì pé àwọn ní nǹkan míì tí kì í ṣe jíjẹ, bíi bọ́ọ̀lù kékeré tàbí pẹ́ńsùlù.

Ohun tó kù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba orí koríko kọjá. Èèrà pupa tó wà ní Texas yìí, tanpẹ́pẹ́ ilé wa kéré sí i jìnnà. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀.

ỌkọÀdùnní_Iowa
Ibi téèyàn kó lọ ló ṣe pàtàkì o, ẹ má ka Houston sí gbogbo Amẹ́ríkà. Des Moines ní Iowa là ń gbé tẹ́lẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún October 30 ni wọ́n ń ṣe tiwọn níbẹ̀, Beggars' Night, láti 1938 ló ti bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà sí mẹ́jọ. A ò mọ̀, lọ́dún tá a dé a múra sílẹ̀ de 31, a jáde, gbogbo títì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí. Ìlú míì ló máa ń kéde àkókò tiwọn fúnra wọn, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí kì í gbé Texas, ẹ wo ojú ìwé Facebook ìlú yín kẹ́ ẹ tó dáṣọ.

Ọmọ gbọ́dọ̀ pa àwàdà kó tó gba súìtì níbẹ̀, kì í ṣe kó kàn na báàgì. Lọ́dún kejì mo kọ́ ọmọ mi ní àlọ́, òkun ń hó yeeye, ọ̀sà ń hó yeeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún bàbá òyìnbó kan, bàbá náà ronú títí, kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọmọ sọ fún un pé ọmọrogùn ni, pé igi tí màmá òun fi ń ro àmàlà ni, bàbá dá gbogbo abọ́ súìtì sínú báàgì ẹ̀.

ÌyáOnílé_Sienna
Èmi lẹ̀ ń wá wá o, èmi ni mo ń tan iná. Ẹ máa bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan lórí Nextdoor, ìkànnì tí àwọn aládùúgbò ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, máa ń ráhùn pé àwọn ará ìta ń kó ọmọ wọn wọ àdúgbò àwọn, pé súìtì àwọn ń tètè tán. Àwọn yẹn ò ju mẹ́ta lọ, ẹnu wọn ló gbòòrò. Ọmọ tó ń gbé apátìméǹtì, ṣé kó jókòó sílé ni? Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ ra báàgì súìtì kan dání, kẹ́ ẹ fún onílé tẹ́ ẹ bá rí pé tiẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá, inú mi dùn dé ibi pé a ṣì ń kí ara wa ní sọ́ọ̀bù H-E-B.

Inú Nextdoor yẹn náà ni wọ́n ń ya máàpù sí lóṣù kẹwàá, ilé tó máa fúnni á fi àmì ara ẹ̀ sí i, ẹ lè fi yan òpópó.

Ẹ ò nílò láti náwó sáṣọ. Ọmọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi, agbádá funfun kékeré, fìlà abetí ajá, ó mú ìrùkẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi òwú ṣe dání. Ọkọ mi bi í pé kí lo dà, ó gbójú sókè, ó ní "I am Kábíyèsí." Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn rò pé ó ṣubú ni.

ÌyáMéjì
Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, bàbá ẹ ṣeun sà. Ìbéèrè mélòó kan ló kù. Kí lọmọ máa sọ, ṣé "trick or treat" náà ni? Ẹyọ mélòó ló máa mú? Tí wọ́n bá kàn gbé abọ́ sílẹ̀ tí ò séèyàn ńkọ́? Àti pé ilé ẹranko, mọ́ọ̀lù, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ náà àbí?

ỌmọÌbàdàn_Katy
Òun náà ni wọ́n ń sọ, tí ò bá lè sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó juwọ́, ó ti tó. Ẹyọ kan, àfi tí onílé bá ní kó mú sí i. Abọ́ tí ò séèyàn, ẹyọ kan náà ni, ọmọ á fẹ́ dà á sínú báàgì, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ bí. Houston Zoo ní Zoo Boo tiwọn lóṣù kẹwàá, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ lọ wo wẹ́bùsáìtì wọn fún ọjọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì. Mọ́ọ̀lù wà fún ọjọ́ òjò, kò ní adùn kankan. Ẹ bi leasing office yín náà o, apátìméǹtì míì ń ṣe é nínú ọ́fíìsì wọn, wọ́n kàn ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ ibi lẹ́tà tẹ́nì kan ò ní kà.

Àbíkẹ́_Lẹ́kúlẹ́jà
Kẹ́ ẹ má gbàgbé omi o. Àwọn aṣọ onírun yẹn, ará ìlú tútù ni wọ́n rán an fún.

ÌyáMéjì (November 1)
Ẹ kú ojúmọ́, mo ní kí n wá jábọ̀. Bébà yẹn wà níbi lẹ́tà wa lóòótọ́! Aago mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n ṣe tiwọn ní leasing office, obìnrin ibẹ̀ da súìtì fún wọn, ó tún fún mi lórúkọ ìyá kan lókè wa tó lọ́mọ ọdún 4, bó ṣe di pé èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ wọkọ̀ kan náà lọ sí Sugar Land nìyẹn.

Òpópó tí ò yọ síbì kankan la lọ. Kìnnìún wa bọ́ orí ẹ̀ nílé kẹta, òógùn ti bò ó, èmi ni mo gbé orí kìnnìún kiri di ìparí. Ilé àkọ́kọ́ egungun kan wà tó ń mi orí tó ń rẹ́rìn-ín, kékeré lọgun, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní ilé ló kù. Mo ti fẹ́ padà. Ilé kejì, màmá òyìnbó kan jókòó sórí àga níwájú gáréèjì, ó gbé abọ́ lé ẹsẹ̀, kò sí egungun, kò sí nǹkan kan, ó kàn ń juwọ́. Kékeré rìn lọ bá a fúnra ẹ̀. Nígbà tó gba súìtì tán, ó kúnlẹ̀ gbàà lórí kọnkéré bí mo ṣe kọ́ ọ fún màmá mi lórí fídíò, ó ní "thank you ma." Màmá yẹn wò mí, ó wo ọmọ, ó bu ẹ̀kúnwọ́ míì. Ó ní ọmọ wo ló tún ń kúnlẹ̀.

Látibẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Nílé kẹfà ó ti ń sáré ṣíwájú wa, mo pariwo mọ́ ọn, "Má sáré o!", ni ohùn ọkùnrin kan bá dáhùn láti inú ilé pé "Ẹ jẹ́ kó sáré jàre, ọmọdé ni!" Ó jáde síta pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, òórùn ata díndín tẹ̀lé e, ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ìyàwó ẹ̀ jáde, wọn ò jẹ́ ká kọjá, a jókòó síbẹ̀ jẹun, àwọn ọmọ ń sá jáde lọ bá a pín súìtì fún àwọn tó ń bọ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ká tó kúrò. A ò kan ju ilé mẹ́fà lọ.

Súìtì 83 ni mo kà nígbà tá a délé, mo ti yọ àwọn líle kúrò. Ta ló fẹ́ níbẹ̀?

BàbáÀgbà_Alief
Ọmọ mi, ẹ kú orí ire. Bí Kit Kat bá wà nínú ẹ̀, ẹ bá mi yọ ọ́ sọ́tọ̀.